Ṣé ènìyàn lè fi euphonium jẹun l'Óṣogbo? Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí, àti èsì wọn

Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fun euphonium nínú báǹdì onífèrè idẹ nílùú Òṣogbo. Ilé ìsìn ni mo ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ibi òkú àgbà, ìgbéyàwó àti ìwúyè ni mo ti ń jẹun. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, àwọn òbí wọn, àtàwọn tó máa ń dá wa dúró lẹ́yìn òde kí wọ́n lè fọwọ́ kan fèrè náà wò, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè. Mo kó ìbéèrè wọn jọ síbí.

Kí ni euphonium gan-an? Ṣé fèrè ràgàjì tó máa ń wé mọ́ ènìyàn lára yẹn ni?

Rárá o. Èyí tó ń wé mọ́ ènìyàn lára, tí ẹnu rẹ̀ yọ gọngọ lókè orí ẹni tó ń fun ún, sousaphone ni. Euphonium kéré sí i. Àyà la máa ń gbé e sí, bí ìgbà tí ìyá gbé ọmọ jòjòló mọ́ra, ẹnu rẹ̀ á wá kọjú sókè. Bí a bá tú gbogbo ọ̀pá tó ká jọ sínú rẹ̀ tí a sì nà án tán, gígùn rẹ̀ á tó ẹsẹ̀ bàtà 9, gígùn kan náà pẹ̀lú ti trombone, fèrè idẹ tí wọ́n máa ń fà síwá sẹ́yìn. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé inú ọ̀pá trombone kì í fẹ̀ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu, ṣùgbọ́n ti euphonium ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìyẹn ló jẹ́ kí ohùn trombone máa mú, tí ohùn euphonium sì máa ń rọ̀. Èdè Gíríìkì ni wọ́n ti mú orúkọ rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni olóhùn dídùn.

Jámánì ló ti wá. Ferdinand Sommer, ará Weimar, ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ pé ó ṣe é, ní nǹkan bí ọdún 1843. Nígbà yẹn, kò tíì ju nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lọ tí àwọn òyìnbó mọ bí a ṣe ń fi fáfù, ohun tí a ń fi ìka tẹ̀ láti yí ohùn padà, sára fèrè idẹ.

Báwo ni báǹdì onífèrè ṣe dé ọ̀dọ̀ wa?

Ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn ológun ló gbé e wọlé. Boys' Brigade, ẹgbẹ́ àwọn ọmọkùnrin inú ìjọ, bẹ̀rẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1908. Salvation Army, tó jẹ́ ìjọ Kristẹni, dé Èkó lọ́dún 1920. Kò sí èyí tí a lè yà kúrò lára fèrè àti ìlù nínú àwọn méjèèjì. Ní tiwa, ọdún 1907 ni rélùwéè ti dé Òṣogbo, nítorí náà ohun tó bá wọ Èkó kì í pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bàbá tó kọ́ mi ní fèrè, inú Boys' Brigade ni wọ́n ti kọ́ tiwọn.

Kí wá ni iṣẹ́ rẹ̀ nínú báǹdì, nígbà tí tùm̀pẹ́ẹ̀tì ti ń kọ orin?

Báǹdì idẹ ti àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn 25 ló máa ń fun fèrè níbẹ̀, láìka àwọn onílù. Méjì péré nínú wọn ló ń fun euphonium. Níbí, báǹdì tí wọ́n bá gbà sí òde kì í sábà ju ènìyàn mẹ́jọ sí méjìlá lọ, onílù wà nínú wọn, euphonium kan ṣoṣo ló sì máa ń wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń fun ún kò ní alábàárò. Ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń ṣe.

Tùm̀pẹ́ẹ̀tì ló ń dá orin, sousaphone ló ń tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀, èmi ni mo wà láàrin wọn tí mò ń gbè é. Bí wọ́n bá ń kọ orin ìsìn, ohùn tẹ́nọ̀ ni tèmi. Bí orin bá di ti ijó, mo máa ń fi ohùn mìíràn lọ́ mọ́ ti tùm̀pẹ́ẹ̀tì, bí ìgbà tí ènìyàn méjì jọ ń sọ̀rọ̀ tí ìkíní kò já lu ọ̀rọ̀ èkejì. Ó tún kù. Òde tó bá bẹ̀rẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀, nígbà tó bá fi máa di aago kan ọ̀sán, ètè onítùm̀pẹ́ẹ̀tì á ti kú, nítorí ẹnu fèrè tirẹ̀, ibi tí a ń gbé ètè lé, kéré, ó sì ń tẹ ètè púpọ̀. Èmi ni mo máa ń gba orin náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó lè sinmi. Bí onísousaphone kò bá wá, èmi ni béèsì. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé bí wọ́n bá mọ iṣẹ́ ti ara wọn nìkan, wọn ò tíì mọ euphonium.

Bọ̀dá, kí ló dé tí ẹ ò fi yí sí tùm̀pẹ́ẹ̀tì, tó jẹ́ pé òun ni gbogbo ènìyàn ń wò?

Ọ̀pọ̀ ló ti bi mí bẹ́ẹ̀, ìyá mi wà lára wọn.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n pè wá síbi òkú ìyá àgbà kan ní apá Òkè-Fíà. A ti fun orin láti ibi tí ọkọ̀ òkú ti dúró wá dé ẹnu ọ̀nà ilé. Nígbà tí wọ́n ń gbé pósí jáde, ọ̀gá báǹdì wa fi ọwọ́ pa tùm̀pẹ́ẹ̀tì àti ìlù lẹ́nu mọ́, ó wá kọjú sí mi. Mo mọ ohun tó fẹ́. Mo fun ún jẹ́jẹ́: *ó dàárọ̀, ìyá wa.* Mi ò kọ ọ́ lórin, mo kàn fi fèrè sọ ọ́ ni. Àwọn ìyá tí wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọn ò tíì sọ nǹkan kan láti àárọ̀, dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Ó dàárọ̀ o!" Ọmọbìnrin àgbà olóògbé, tó ti di ara rẹ̀ mú láti àárọ̀, ni ẹkún gbọ̀n. Wọ́n gbá a mọ́ra, ó sunkún náà tẹ́rùn, lẹ́yìn náà ó gbé orin, gbogbo ilé sì gbè é. A wá wọlé padà pẹ̀lú tùm̀pẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jẹ́ kí n fi bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ hàn yín. Ní sófà, ìyẹn dò re mí, ó-dà-á-rọ̀ jẹ́ mí dò mí dò. Ì-yá wa jẹ́ dò mí re. Ní ibi tí ohùn euphonium ti dára jù, tó bá ohùn ọkùnrin dọ́gba, dò àti mí kò fẹ́ fáfù kankan. Ìka mi á wà lórí fáfù láìtẹ̀ ẹ́, ètè nìkan ló máa ń fún, tó tún ń tú. Nítorí náà gbogbo "ó dàárọ̀" yẹn, ètè ni mo fi sọ ọ́. Ó di orí "wa" kí n tó fi ìka ìfábẹ̀lá tẹ fáfù àkọ́kọ́ kí ohùn lè bọ́ sórí re. Ìka kan ṣoṣo, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tùm̀pẹ́ẹ̀tì náà lè ṣe é, ìka kan náà la jọ ń lò, ṣùgbọ́n lókè fíofío ni tirẹ̀ máa bọ́ sí, bí ẹni tó ń pariwo. Ti euphonium bọ́ sí ibi tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ti máa ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ á gbọ́ ọ bí ohùn ènìyàn.

Iṣẹ́ tí mo yàn láàyò nìyẹn.

Orin ìsìn tí wọ́n túmọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Ṣé ohùn wọn bá ọ̀rọ̀ mu?

Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò bá a mu. Orin á gbé ohùn sókè níbi tí ọ̀rọ̀ fẹ́ kó wálẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì di nǹkan mìíràn létí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. T. K. Ẹkúndayọ̀ Phillips, tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá nídìí dùùrù ní Cathedral Church of Christ l'Ékòó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, kí orin ilé ìsìn lè máa tẹ̀ lé ohùn èdè wa. Ní tèmi, mo máa ń fun orin tí ìjọ ti mọ̀ bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n, kò sí ìdí láti da àwọn àgbà rú. Láàrin ẹsẹ kan sí èkejì ni mo ti máa ń jẹ́ kí fèrè sọ Yorùbá. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni, àmọ́ ẹ máa rí orí tó ń mì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́: ṣé ó ń bọ́ ènìyàn?

Euphonium nìkan kò bọ́ mi rí. Euphonium pẹ̀lú ohun mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó so mọ́ ọn ti bọ́ mi, ó bọ́ ìyàwó àti ọmọ, ó sì sanwó ilé ìwé.

Bí owó òde ṣe ń rìn nìyí. Ọ̀gá báǹdì ló ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà. Yóò yọ owó ọkọ̀ àti ti yunifọ́ọ̀mù, yóò pín ìyókù. Ẹni tó ni fèrè ara rẹ̀ máa ń gbà ju ẹni tó ń fun fèrè báǹdì lọ, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ dúró nínú iṣẹ́ yìí, kó tètè ra tirẹ̀. Owó tí àwọn ènìyàn bá ná fún wa lójú agbo, inú àpò kan ni gbogbo rẹ̀ ń bọ́ sí. Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni àpò yẹn máa ń wà títí a ó fi kúrò níbẹ̀, lójú gbogbo wa la sì ń kà á. Báǹdì tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ túká. Mo ti rí i.

Iṣẹ́ kì í dọ́gba. Ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé ni òde pọ̀ sí. Láti oṣù Ọ̀wàrà títí dé Kérésìmesì, a lè má sinmi. Nígbà Lẹ́ńtì, púpọ̀ nínú àwọn ìjọ kì í so yìgì, owó á fà sẹ́yìn. Bí òjò bá tún bá oṣù Ògún, tí gbogbo ìlú ń múra ọdún Ọ̀ṣun, ìlù dùndún ló ni ìgboro nígbà yẹn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń fi àkókò náà tún fèrè ṣe, mo sì ń kọ orin sílẹ̀ fún báǹdì.

Ohun tí mo so mọ́ ọn: mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Mò ń to orin sí ọ̀nà ohùn fún àwọn báǹdì ìjọ, wọ́n sì ń sanwó rẹ̀. Mo mọ trombone, nítorí ẹnu fèrè wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìyẹn ń jẹ́ kí àwọn olórin pè mí sí ibi tí euphonium kò ní í dé. Mo tún ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan nítòsí Ọjà Ọba, tí a ti ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú. Ẹni tó bá wá tẹ ìwé á béèrè báǹdì, ẹni tó bá wá gba báǹdì á béèrè ìwé. Fún ọmọ tó bá ń bi mí léèrè, ohun tí mo máa ń sọ ni pé kó kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn tí kò ní í gba ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé mọ́ ọn lọ́wọ́.

Báwo lẹ ṣe ń ṣe àdéhùn pẹ̀lú oníbàárà?

Ìdajì owó lọ́jọ́ àdéhùn, ìdajì tó kù kí a tó fun nótì àkọ́kọ́ lọ́jọ́ òde. A kọ ọ́ sínú ìwé: aago tí a ó dé, aago tí a ó kúrò, iye ènìyàn, ta ni yóò fún wa lóúnjẹ. Àwọn méjèèjì á fọwọ́ sí i.

Ọgbọ́n yìí kò wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdílé kan wà tí a bá sin òkú, tí a fun fèrè láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, tí wọ́n wá sọ fún wa pé owó ti tán lórí màlúù. Àwa mọ́kànlá la dúró sí ẹnu géètì wọn. Ọmọ kan wà nínú wa nígbà yẹn, òde rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn, ó ti ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ pé òun á ra ìrẹsì bọ̀. Ó dùn mí wọra. Mo fún un nínú owó tèmi, àmọ́ kò padà wá sí báǹdì mọ́, ọmọ náà sì ní etí orin. Mi ò tíì gbàgbé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe òkú, ẹ kà wá mọ́ àwọn tí ẹ ó kọ́kọ́ sanwó fún.

Ọmọ ọdún mélòó ló lè bẹ̀rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí eyín wàrà iwájú ti ká, kí eyín àgbà ti jókòó dáadáa. Ìyẹn sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá. Bí ara ọmọ bá kéré, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tùm̀pẹ́ẹ̀tì tàbí tenor horn. Ìka tí wọ́n ń lò kò yàtọ̀, ó lè yí sí euphonium bó bá dàgbà. Àgbàlagbà náà lè kọ́ ọ. Ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló ń wá sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ó sì ń ṣe dáadáa ju àwọn ọmọ lọ, nítorí kì í kánjú.

Ọmọbìnrin ńkọ́?

Kí ló ṣe ọmọbìnrin? Èémí ni fèrè ń fẹ́, kì í ṣe agídí. Mẹ́ta nínú àwọn mẹ́jọ tí mò ń kọ́ báyìí ló jẹ́ obìnrin. Èyí tó mọ staff, ìyẹn orin tí wọ́n kọ sórí ìlà márùn-ún, kà jù nínú gbogbo wọn, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, obìnrin ni.

Mùsùlùmí ni wá nílé. Ṣé ọmọ wa lè fun un?

L'Óṣogbo yìí, inú ilé kan náà ni Mùsùlùmí àti ìgbàgbọ́ ti ń jọ jẹun. Nínú báǹdì wa, ẹni tó ń lu ìlù ńlá, Alájì ni. Bí àkókò ìrun bá tó, a máa ń dúró dè wọ́n. Ẹ kàn bá ọ̀gá báǹdì sọ ọ́ ṣáájú.

Ṣé sófà tó, àbí dandan ni kí n mọ staff?

Sófà ló dára láti fi bẹ̀rẹ̀, pàápàá fún ọmọ Yorùbá, nítorí a ti ń sọ dò re mí láti inú oyún. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ staff, ọ̀nà méjì sì ni euphonium ń gbà kà á. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń dàrú.

Nínú ìwé báǹdì idẹ, a máa ń kọ ti euphonium bí ti tùm̀pẹ́ẹ̀tì, nínú treble clef, àmì ìbẹ̀rẹ̀ ìlà tí wọ́n ń lò fún ohùn òkè. Nótì tí ẹ rí kọ́ ni ẹ máa gbọ́. Bí ẹ bá rí C, ohùn B flat ló máa jáde, ó sì tún fi òkítéfù kan wálẹ̀ sí i. Nínú ìwé báǹdì ológun àti ti àwọn orchestra, ẹgbẹ́ olórin ńlá tí gòjé pọ̀ nínú rẹ̀, bass clef, àmì ti ohùn ìsàlẹ̀, ni wọ́n ń lò, ohun tí ẹ rí náà lẹ máa gbọ́. Ẹ kọ́ méjèèjì. Mo mọ ẹnì kan tó dé ibi ìdánwò báǹdì ológun kan, tó mọ fèrè fun ju gbogbo wọn lọ, tí wọ́n gbé bass clef sí iwájú rẹ̀, tó wá ń wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé ìwé Ṣáínà fún. Wọn ò mú un.

Níbo la ti lè kọ́ ọ débi tí a ó fi gba ìwé ẹ̀rí?

Nítòsí wa, Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Orin wà ní Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ University ní Ilé-Ifẹ̀. The Polytechnic, Ìbàdàn, ń kọ́ni ní Music Technology. Ní Èkó, ilé ẹ̀kọ́ MUSON ń fúnni ní díplómà. Bí ẹ kò bá tíì fẹ́ lọ síbẹ̀, ẹ lè ṣe ìdánwò ABRSM, àjọ onídánwò orin ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń kà láti Grade 1 dé Grade 8. Kí ẹ tó ṣe Grade 6, wọ́n máa béèrè Grade 5 tiọ́rì tàbí irú rẹ̀ lọ́wọ́ yín, nítorí náà ẹ má fi tiọ́rì sẹ́yìn.

Ṣé ọlọ́pàá àti ológun ń gba afunfèrè?

Wọ́n ń gbà. Báǹdì wà ní Army, ní Navy, ní Air Force àti ní Police. Ibẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí tí afun-euphonium ti lè máa gba owó oṣù, kó sì fẹ̀yìn tì pẹ̀lú pẹ́ńṣàn. Ẹ má gbàgbé pé ológun lẹ jẹ́ kí ẹ tó jẹ́ olórin: ẹ máa kọ́kọ́ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bí gbogbo wọn.

Bí mo bá lọ sí ìlú òyìnbó ńkọ́? Ṣebí ibẹ̀ ni wọ́n ti mọyì rẹ̀?

Wọ́n mọyì rẹ̀ gan-an, àmọ́ owó rẹ̀ kò pọ̀ bí ẹ ṣe rò. Ẹ wo Black Dyke Band, tó ti wà láti ọdún 1855 ní Queensbury, ní Yorkshire, tó wà lára àwọn báǹdì idẹ tí òkìkí wọn kàn jù láyé. Inú iṣẹ́ ìhunṣọ ló ti jáde, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló ń fun fèrè. Títí dòní, púpọ̀ jùlọ nínú àwọn tó ń fun fèrè nínú irú báǹdì bẹ́ẹ̀ ló ní iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ń ṣe: tíṣà, nọ́ọ̀sì, oníṣẹ́ ọ́fíìsì. Orchestra kì í ní ìjókòó pàtó fún euphonium. Gustav Holst, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ orin, fi í sínú *The Planets*, tó pè é ní tenor tuba, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣe irú orin bẹ́ẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń wá ẹni tí yóò fun un.

Àwọn kan ti fi là o. Steven Mead, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi euphonium nìkan rin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ó sì kọ́ni ní Royal Northern College of Music ní Manchester. Joseph Horovitz kọ odidi concerto, orin ńlá tí fèrè kan ń ṣíwájú nínú rẹ̀, fún un lọ́dún 1972. Mo máa ń fi orin yẹn kọ́ àwọn ọmọ mi ní etí. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n gbọ́ apá kejì, èyí tó ń lọ jẹ́jẹ́, kí wọ́n lè mọ̀ pé fèrè tí wọ́n gbé dání lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Irú èyí wo ni kí n rà?

Èyí tí wọ́n ti lò rí, tó jẹ́ ojúlówó, sàn ju tuntun tí kò ní láárí. Ẹ yẹ fáfù wò: ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, kó fò sókè lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ dí ẹnu ọ̀pá kan, ẹ fun atẹ́gùn wọ̀ ọ́, ẹ gbọ́ bóyá ó ń jò. Fáfù mẹ́ta tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Bí owó bá wà, ẹ wá ti fáfù mẹ́rin tó ní ọ̀pá kékeré àfikún lẹ́yìn fáfù. Ìdí ni pé bí ẹ bá tẹ fáfù púpọ̀ pọ̀, gígùn ọ̀pá kì í tó mọ́, ohùn á ga ju bó ṣe yẹ lọ. David Blaikley, ní London, ló wá ojútùú sí i lọ́dún 1874: atẹ́gùn á tún gba inú fáfù kọjá lẹ́ẹ̀kejì, á bá ọ̀pá kékeré pàdé níbẹ̀, ohùn á wá gún régé.

Báwo ni kí n ṣe máa tọ́jú rẹ̀?

Ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan inú rẹ̀ lóṣooṣù. Kó má gbóná jù, á bó ọ̀dà ara rẹ̀. Omi tó ń dà nínú rẹ̀, kì í ṣe itọ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Èémí gbígbóná tó kan idẹ tútù ló ń di omi, ẹ fọkàn balẹ̀. Òróró fáfù gidi ni kí ẹ lò. Ọmọ kan fi òróró ẹ̀pà sí tirẹ̀, ó di gọ́ọ̀mù láàrin ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ méjì ni mo fi yọ ọ́.

Ẹ má gbé e sórí ọ̀kadà láìsí àpótí. Mo ṣe é rí. Ní Ọláìyá, ọ̀kadà já sí kòtò, fèrè mi bọ́, ẹnu rẹ̀ ká bí ewé ẹ̀kọ. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún ara mọ́tò ṣe. Ó fi òòlù lù ú láti ìta, ó sì fi iná ńlá jó ibi tó là. Fèrè náà dán lójú, àmọ́ ohùn rẹ̀ dà bí ẹni tí imú rẹ̀ dí. Inú la ti ń ti kòtò jáde, pẹ̀lú igi dídán tàbí irin roboto, jẹ́jẹ́. Lẹ́ẹ̀dì tí àwọn atún-rédíò-ṣe ń lò la fi ń lẹ ojú ibi tó já, nítorí iná ńlá máa ń ba idẹ jẹ́. Mo kọ́ bí a ṣe ń ṣe é lẹ́yìn náà, èmi ni mo ń tún ti púpọ̀ nínú àwọn báǹdì ìlú yìí ṣe báyìí.

Ọyẹ́ àti oòrùn ńkọ́?

Ọyẹ́ ń la ètè. Òrí ni kí ẹ fi pa á ní alẹ́, kí ẹ nù ún kúrò kí ẹ tó fun fèrè. Ní ti oòrùn, ooru máa ń gbé ohùn fèrè sókè. Bí báǹdì bá ti fi ohùn ṣọ̀kan lábẹ́ àtíbàbà, tí wọ́n wá jáde sí oòrùn, ẹ fa ọ̀pá tí a fi ń tún ohùn ṣe jáde díẹ̀, kí ẹ tún gbọ́ ara yín.

Kí ni kí n mú wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́?

Ìwé kan, pẹ́ńsùlù, áńkáṣíìfù àti omi mímu. Ẹ má jẹ ẹ̀bà yó kí ẹ tó wá, ikùn tó kún kò ní í jẹ́ kí èémí wọlẹ̀. Ẹ má tíì ra fèrè. Lọ́jọ́ yẹn, ẹnu fèrè nìkan ni mo máa gbé lé yín lọ́wọ́, láìsí fèrè lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ó máa fi ètè gbọ̀n ọ́n títí ẹ ó fi lè sọ orúkọ yín lórí rẹ̀, kí èmi tí mo kẹ̀yìn sí yín sì mọ orúkọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.